Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Kà fún Mọ́rẹ́nikẹ́ Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti àdúgbò Nkembo ní Gàbọ́n, nínú yàrá kan tí ooru ti bó ọ̀dà ara ògiri rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò Bàbá tí ẹ máa ń kún yàrá ìgbàlejò wa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, mo kí ẹ̀yin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn sí yín. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà gbogbo wọn. Mo gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Libreville níbí, látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì dá. Aṣọ tí mo fọ̀ láti ìjẹta ṣì wà lórí okùn, ó ti ń rùn.

Ẹ ó ti rí i pé n kò kọ lẹ́tà yìí ní ìkọ̀kọ̀. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo ní kí wọ́n gbé e sí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Gbangba ni Bàbá ti sọ̀rọ̀, gbangba náà ni mo sì fẹ́ fèsì. Bàbá mi, ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ ní Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gba Mọ́rẹ́nikẹ́ àbúrò mi sílẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gùn yẹn. Àmín ló tẹ̀lé e, Àmín rẹpẹtẹ. Bọ̀dá Láyí, àbúrò yín, tilẹ̀ fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹni tí ẹ ń pè ní Ẹ̀gùn yìí, Adéṣínà lorúkọ rẹ̀, Kétu ni wọ́n bí i sí ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún, Nàgó paraku ni. Yorùbá tó ń sọ já gaara ju ti ọmọ Bọ̀dá Láyí tó ń gbé Lẹ́kì lọ, ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ara rẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, irọ́ ni. Kì í ṣe Mọ́rẹ́nikẹ́ ló pa á, kì í sì í ṣe Adéṣínà. Ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n ti pa á, èmi ni mo sì mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín.

Bàbá, ẹ máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé ìwòsàn ńlá. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, labo ni wọ́n ń pè é níbí. Ó ní ẹ̀ka ní Nkembo, ó ní ọ̀kan ní Akébé, olú rẹ̀ sì wà láàárín ìgboro. Olú yẹn ni mo ń jókòó sí, níwájú kọ̀ǹpútà, mo ń wo bí gbogbo ẹ̀rọ ṣe ń ṣe níbi gbogbo. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ya ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí iná kékeré. Bí iná bá ní àwọ̀ ewé, ara ẹ̀rọ le. Bó bá di yẹ́lò, ó ní ohun tó ń dùn ún, kí ẹnì kan lọ wò ó. Bó bá pupa, ó ti dákú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì ń ráhùn, àpótí kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ Vu sí, ìyẹn ni pé "mo ti rí i" lédè Faransé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò tún nǹkan kan ṣe o. Ó kàn jẹ́ kí ètò náà mọ̀ pé èèyàn ti gbọ́ ni, iná á sì padà sí àwọ̀ ewé. Ó dà bí ìgbà tí Ìyá bá ń pè wá láti ilé ìdáná tí a ó sì ké pé a ń bọ̀, tí a ò sì dìde.

Ọ̀gá wa ní ibẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Dókítà Adégòkè ni, ọmọ ilẹ̀ wa, díákónì ní ìjọ wa níbí, ẹni tí ẹ máa ń ní kí n bá yín kí. Ọkùnrin náà ti gbé Gàbọ́n pẹ́ débi pé imú ló fi ń sọ Faransé sí èmi tí a jọ ń sọ Yorùbá. Ó ra tẹlifíṣọ̀n fàkìàfakia kan, ó gbé e kọ́ síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, ó ní kí gbogbo iná ẹ̀rọ máa hàn níbẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé labo òun kò láfiwé. Ọ̀rọ̀ ti di ti àṣehàn nìyẹn. Bí iná kan bá yẹ́lò níwájú àlejò, ojú á ti Dókítà. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà ìpàdé, á pe orúkọ ẹni tí iná rẹ̀ yẹ́lò, á fi í ṣẹ̀sín níwájú gbogbo wa. Kí làwọn òṣìṣẹ́ wá ń ṣe? Wọ́n ń tẹ Vu. Ẹ̀rọ á ní omi òun ti ń tán, wọ́n á tẹ Vu. Ẹ̀rọ á ní ooru ń pa òun, wọ́n á tẹ Vu. Gbogbo wọn ló ti rí i. Orí àga ni wọ́n ti ń rí i, orí àga náà ni wọ́n ń bá a gbé.

Mo sọ fún Dókítà. Mo ní ètò yìí, ká fi ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é, kì í ṣe ká fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé làwọn èèyàn ń wá rà lọ́wọ́ òun, wọn ò wá ra yẹ́lò. Ṣíọ̀! Ó tilẹ̀ rò pé òun sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ó tún un sọ nípàdé.

Ẹ má rò pé mo ń ṣe ìgbéraga. Ìlú yìí ló ń kọ́ èèyàn ní ẹ̀gàn. Láàárọ̀, ìwọ tó fẹ́ wọ takisí ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí etí ọkọ̀, wàá sọ ibi tó o ń lọ àti iye tó o fẹ́ san, bí kò bá wu dírẹ́bà, kò ní dá ọ lóhùn, á kàn fi èéfín rẹ̀ kí ọ ni. Bí mo bá délé, oúnjẹ ọ̀tọ̀, èdè ọ̀tọ̀. Pákí tí wọ́n fi ewé wé gbọọrọ ni mo ń jẹ, mo sì ti jẹ ẹ́ débi pé mi ò mọ̀ bóyá ó dùn. Ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sílé lóṣù, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní kà á síbí. Kó tó di pé Mọ́rẹ́nikẹ́ wá bá mi, tó ríṣẹ́ olùkọ́ni, ẹ̀rọ nìkan ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tó dé ni ilé mi tó di ilé. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń sọ ọ́, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Akébé ló ti rí Adéṣínà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe káfíńtà. Ẹ ò rí i rí, ẹ kàn gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu, torí eyín rẹ̀ kan kán. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní eyín yẹn ni òun kọ́kọ́ fẹ́ràn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn wa, olùṣọ́-àgùntàn ní kí wọ́n mú ìwé jẹ́nótáìpù wá. Ẹ mọ àwa náà: a lè má mọ ibi tí ọkùnrin ń sùn, ṣùgbọ́n ó di dandan ká mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. N kò sọ pé kò dáa o. A ti rí ọmọ tó ń jẹ̀rora, a ti sin irú wọn. Adéṣínà ti mọ tirẹ̀ tipẹ́, AS ni. Mọ́rẹ́nikẹ́ mú ìwé tí wọ́n fún un nílé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́ jáde, AA ló wà níbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ní ìyẹn ti gbó, kó lọ ṣe òmíràn lára ẹ̀rọ gidi. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí ẹ̀ka wa ní Akébé. Àbájáde dé: AS.

AS àti AS. Olùṣọ́-àgùntàn ní òun ò lè so wọ́n pọ̀, ó sì gbàdúrà fún wọn kó tó tì wọ́n síta. Ìyá mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ní ká tún un wò, ẹ ní nọ́ọ̀sì ilé-ìwé yẹn kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ. Bọ̀dá Láyí fi yín rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ fẹ́ fi nọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ wé ẹ̀rọ òyìnbó ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Dókítà bóyá ká tún un ṣe. Ó ní ẹ̀rọ Akébé wà ní àwọ̀ ewé lọ́jọ́ náà, kí ni mo tún ń wá. Mọ́rẹ́nikẹ́ náà kò gbà kí wọ́n tún gún òun lábẹ́rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ nírètí lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tún já a. Kò jẹun, á kàn lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, á sì padà wá dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ pè wá lórí fóònù, Bàbá, Adéṣínà wà nínú yàrá. Ó wá bá Mọ́rẹ́nikẹ́ sunkún ni, kì í ṣe pé ó wá kọ̀ ọ́. Ohùn fóònù ń jáde sí gbangba torí ọwọ́ mi wà nínú omi. Ẹ sọ èyí tí ẹ sọ, pé ẹ dúpẹ́, pé ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ló bá yín lé e. A gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó jókòó tì yín. Adéṣínà dìde, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì ó wá kó ayùn rẹ̀ àti òòlù rẹ̀, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan lára ògiri wa. Títí di òní, kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ní ilẹ̀kùn.

Báyìí ni mo ṣe wá mọ òótọ́. Wọ́n rán mi lọ sí Akébé láti lọ pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ̀rọ jẹ́nótáìpù. Mo jókòó ti Prosper, òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Ihò wà lórí àwo tí wọ́n ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sí. Ihò àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, èyí tí a ti mọ ohun tó jẹ́, ká fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń sọ òótọ́. Láti ihò kejì ni ẹ̀jẹ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ojú kan tó ń ka ìlà dúdú dúdú ara ìgò, ìyẹn ló fi ń mọ ẹni tó ni ín. Mo wá rí Prosper tó ń fọwọ́ tẹ orúkọ wọlé. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́, ihò àkọ́kọ́ ló tẹ̀ ẹ́ sí.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ojú ẹ̀rọ náà ti fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ọwọ́ ni àwọn fi ń tẹ orúkọ látìgbà náà. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ kì í ráhùn ni. Ó ní ó máa ń ráhùn láràárọ̀, á ní òun ò rí ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò òun, àwọn á sì tẹ Vu. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́.

Bàbá mi, ṣé ó yé yín? Orúkọ ti fi ihò kan ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àyẹ̀wò láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, èsì ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n kà fún un. Ẹni tó sì wà lẹ́yìn Mọ́rẹ́nikẹ́, òun ló gbé èsì Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sílé. Lójú tẹlifíṣọ̀n Dókítà, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀.

Mo wọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sí labo ẹlòmíràn, ẹkún ló fi bá mi lọ. AA ni. A tún ṣe é níbòmíràn, AA ni. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá mi kí i bó bá ṣì wà láyé. Bọ̀dá Láyí, ẹ kú ẹ̀rọ òyìnbó o.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Dókítà. Ọkùnrin náà bá mi yọ̀! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní òun fúnra òun máa tẹ ìwé tuntun fún àbúrò mi, kí n lọ tún ojú ẹ̀rọ ṣe, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Mo ní àwọn tó kù ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó wá ṣàròyé. Mo ní ẹni tó gbé AA àbúrò mi lọ ńkọ́, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ AS, tó ṣeé ṣe kó máa múra ìgbéyàwó lọ́wọ́. Díákónì wa ní bóyá AA lòun náà, Ọlọ́run aláàánú ni. Lẹ́yìn náà ló rán mi létí, ní Yorùbá lọ́jọ́ yẹn, pé òun lòun ń fọwọ́ sí ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Mo ti rí aláìlójútì rí, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó wọ kóòtù funfun bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí Akébé. Èmi àti Prosper la jókòó tí a pe gbogbo àwọn èèyàn náà lórí fóònù, pé kí wọ́n padà wá. Ẹni tó wà lẹ́yìn Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń dirun ní àdúgbò Venez-Voir ni. AS ni. AS náà sì ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n ti ra aṣọ ìgbéyàwó. Ó bi mí bóyá kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni àbí kí òun bú mi. Mo bá a jókòó títí ọkùnrin náà fi dé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Dókítà ti lé mi. Nítorí náà, ẹ má ní kí n bá yín kí i mọ́. Mo ń wá iṣẹ́ mìíràn, mo sì ti ní ọ̀nà kan tí mo ń tọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, àwọn èèyàn ṣì ń jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo Bíbélì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo mú ìwé tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adéṣínà. Ó nu ọwọ́, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, òun ti sunkún rẹ̀, òun ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ò lè gbé mì ni ẹ̀rín tí òun gbọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá wa. Ó ní òun ò ní ẹlòmíràn, òun ò sì wá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òun ò mọ bí òun ṣe máa wọlé tọ ẹbí tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun jáde. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe èmi ni mo lé òun. Mo délé, mo rò fún Mọ́rẹ́nikẹ́, mo rò pé á bínú sí i. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní òótọ́ ló sọ.

Bàbá mi, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ẹ pè é. Kí ẹ má rán Bọ̀dá Láyí, kí ẹ má sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Ìyá ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ pè é láàárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lagi, ẹ̀yin nìkan, kí yàrá ìgbàlejò ṣófo. Ẹ má fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi "má bínú" bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò sọ ọ́ fún ẹni tó kéré sí yín rí, mo sì mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ sọ fún mi, kí n lè sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ kó má dúró mọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Bàbá, kí ohùn yín má kú. Ìyá mi, kí ojú yín rí ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́, kó sì jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ le. Mo kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ṣe Àmín. Mo ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ìkíni tirẹ̀ kún un. Ó ní òun ò tíì ní í kí yín, ó dìgbà tí fóònù Adéṣínà bá kọ́kọ́ dún.

Èmi ni ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́